Ẹ̀dà fíìmù Rudolph wo ni orin "Fame and Fortune" wà nínú rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ nípa fíìmù àtijọ́. Mo ń wá ìrànlọ́wọ́ lórí Rudolph the Red-Nosed Reindeer, fíìmù Kérésìmesì ilé iṣẹ́ Rankin/Bass, èyí tí wọ́n fi àwọn ọmọlangidi tí wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀ níwájú kámẹ́rà ṣe ní Japan, tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC sì kọ́kọ́ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1964. Ní 1965, wọ́n yọ orin "We're a Couple of Misfits" kúrò, wọ́n sì fi "Fame and Fortune" rọ́pò rẹ̀. Johnny Marks ló kọ orin méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n "We're a Couple of Misfits" ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹ jọ̀ọ́, inú àwo fídíò wo ni mo ti lè rí ẹ̀dà 1965 náà lódindi?