Yíya máàpù àdúgbò wa ní Kàbà: orúkọ wo ni kí a kọ?

Ọmọ Kàbà béèrè pé:

Okun o, ẹ̀yin ará wa. Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ rin àdúgbò wa, kí a lè fi àwọn ọ̀nà, kànga, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí ó wà níbẹ̀ sórí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ènìyàn jọ ń yà. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà wa ni kò ní pátákó. Àwọn kan ń fi orúkọ agbolé pè wọ́n, àwọn mìíràn ń fi orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ pè wọ́n. Èwo ni kí a kọ? Ṣé a sì lè wo àwọn orúkọ tí ó wà lórí Google Maps, kí a dà wọ́n kọ?

Ará Ìjùmú:

Ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni ó lè ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ẹ má ṣe da ohunkóhun kọ láti ara Google Maps, nítorí pé Google ni ó ni ìyẹn, nígbà tí OpenStreetMap, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004, jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú lò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá rí ohun tí ẹ dà kọ, wọn yóò pa á rẹ́. Àwòrán sátẹ́láìtì tí wọ́n ti gba àṣẹ rẹ̀ fún wa wà nínú ètò tí a fi ń ya máàpù náà, ẹ sì lè jókòó sílé kí ẹ tọ ipa ọ̀nà àti òrùlé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán yẹn kò mọ orúkọ, kò sì mọ̀ bóyá kànga kan ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí ẹ ó torí rẹ̀ rìn nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ Kibera, àdúgbò kan ní Nairobi ní ilẹ̀ Kenya, ti ṣe ní ọdún 2009. Ètò StreetComplete lórí fóònù Android dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè tẹ máàpù sórí bébà láti orí ìkànnì Field Papers, kí ó sì fi bírò kọ ohun tí ó rí.

Olùkọ́ Àgbà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ni kí ẹ kọ sí àyè tí wọ́n pè ní «name» nínú OpenStreetMap; èyí tí àwọn mìíràn ń pè é lè wọ «alt_name», ti àtijọ́ a sì wọ «old_name». Ẹ bi àgbà, ẹ sì bi ọlọ́kadà pẹ̀lú, nítorí orúkọ tí ọlọ́kadà mọ̀ ni àlejò yóò fi débẹ̀. Ọ̀nà tí kò bá ní orúkọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fa ààlà ilẹ̀ láàárín agbolé méjì, nítorí ìlà tí ọmọdé fà lónìí ni wọn yóò gbé lọ sílé ẹjọ́ lọ́la.

Ọmọ Yàgbà:

Mo fara mọ́ ohun tí Olùkọ́ wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ni ó ń kọ mí lóminú. Ní tèmi, n kò ní ya ọ̀nà oko tí ó wọ inú igbó tàbí àgọ́ àwọn ọdẹ, n kò sì ní kọ orúkọ onílé sí ilé rẹ̀. OpenStreetMap fúnra rẹ̀ kò fẹ́ orúkọ àwọn tí ń gbé inú ilé. Kí ẹ tó jáde, ẹ lọ fi ara yín han olórí àdúgbò, kí ẹ sì máa rìn ní méjì-méjì ní ojúmọmọ, nítorí ẹni tí ń ya fọ́tò kànga kiri lè di ẹni ìfura.