Òrùlé ni tàbí ilé ìdáná?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ta ilé mi, owó ọwọ́ mi kò sì ju iṣẹ́ ńlá kan lọ. Mo ti kun ilé, mo ti tún iwájú ìta ṣe. Ìyẹn ò gbówó lórí. Káfíńtà ní kí n sọ ilé ìdáná di tuntun (iṣẹ́ tirẹ̀ kúkú ni!), àmọ́ ẹni tó bá rà á lè fẹ́ràn nǹkan mìíràn kó sì tú u dànù. Òrùlé sì ń jò díẹ̀. Kò sẹ́ni tí í yin òrùlé, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá rí àbàwọ́n omi lára àjà, yóò já owó wálẹ̀ ni. Nínú méjèèjì, èwo ló máa mú owó ilé lọ sókè jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.