Ìpolówó iṣẹ́ work-study wa kò mú akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ wá: kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀?

Ìyá Káńtà: Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ work-study mẹ́ta (àwọn tí owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ń bá ilé-ìwé san owó iṣẹ́ wọn) ni à ń wá sí káńtà ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní Amẹ́ríkà. Ohun tí a kọ síta rèé:

"À ń wá akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé ìkàwé. Ó gbọ́dọ̀ já fáfá, kí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí àbójútó, kí ó sì ní ìrírí ọdún kan. Wákàtí kò le koko. Owó rẹ̀ dára. Yóò ṣe iṣẹ́ mìíràn tí a bá yàn fún un."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹni mẹ́rin péré ló kọ̀wé. Méjì kò ní work-study rárá, ẹnì kan ní kíláàsì ní gbogbo òwúrọ̀ tí a nílò ènìyàn, ẹni kẹrin ń béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti ṣì í?

Akọ̀wé Owó: Ìyá, ẹ kú làálàá. Ẹni kẹrin yẹn ti dá yín lóhùn: kò sí iṣẹ́ kankan nínú ohun tí ẹ kọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń ba work-study jẹ́ jù.

Iye work-study tó wà nínú ìwé owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe owó tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Ààlà ni, ibi tó lè ṣiṣẹ́ gbowó dé lọ́dún náà. Ká ní $2,000 ni, tí ẹ sì ń san $15 ní wákàtí kan, wákàtí 133 ló máa jẹ́. Tó bá ń ṣe wákàtí 12 lọ́sẹ̀, owó yẹn tán ní ọ̀sẹ̀ 11, kí ìdánwò sáà àkọ́kọ́ tó dé. Tí ẹ bá fẹ́ kó bá yín dé òpin sáà kejì, bí ọ̀sẹ̀ 30, wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni. Inú ìṣirò yìí ni iye wákàtí tí ẹ máa kọ ti gbọ́dọ̀ jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà. Bí ààlà bá ti kún, ẹ̀ka yín ló máa dá gbogbo rẹ̀ san, tàbí kí ọmọ náà dúró.

"Owó rẹ̀ dára" kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ iye rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dín sí $7.25 ti ìjọba àpapọ̀, bí ti ìpínlẹ̀ tàbí ìlú yín bá sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwọn lẹ máa tẹ̀lé. Lókè pátápátá, kí ìlà yìí wà: "Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí Federal Work-Study wà nínú ìwé owó ìrànwọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí." Àwọn méjì yẹn ì bá ti rí i kí wọ́n tó kọ̀wé.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi físà F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkè òkun wá, wọlé máa ń rò pé gbogbo iṣẹ́ inú ọgbà ni work-study. Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ kò kan F-1, àmọ́ wọ́n lè ṣiṣẹ́ nínú ọgbà títí dé wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá ń lọ. Bí ẹ̀ka yín bá ní owó tirẹ̀, ẹ ṣe ìpolówó ọ̀tọ̀ fún un. Ẹ má po méjèèjì pọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ ọmọ náà máa ṣe láàárín wákàtí méjì ní káńtà. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni ìpolówó yín. Bí ẹ bá kọ "Àbójútó ohun èlò", kò yé ẹnikẹ́ni. "To ìwé tí wọ́n dá padà sórí pẹpẹ ní ìlànà nọ́mbà Library of Congress tó wà lẹ́yìn ìwé, a ó kọ́ ọ" yé ọmọ ọdún 18. Bó bá máa gbé páálí, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá máa dá jókòó lálẹ́, ẹ má fi pamọ́. Bó bá máa rí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ sọ pé FERPA, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ní kó pa á mọ́ láṣìírí. Iṣẹ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó, orí fóònù ni wọ́n ti ń kà á.

Ìrírí ọdún kan ńkọ́? Ẹ yọ ọ́. Ibo lọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé girama fẹ́ ti rí i? Ohun tí ẹ ò lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nìkan ló tọ́ sí "gbọ́dọ̀". "Láìsí àbójútó" náà, irọ́ ni: ọ̀gá kan ṣáà ní láti fọwọ́ sí iye wákàtí tó ṣe.

Akọ̀wé Owó: Àti pé bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ kan lẹ dá dúró tí ẹ fẹ́ fi akẹ́kọ̀ọ́ dí àyè rẹ̀, òfin work-study kò gbà á.

Bàbá Àdùkẹ́: "Wákàtí kò le koko" ló fa ẹni tó ní kíláàsì láàárọ̀. Ẹ ò sì lè ní kó sá kíláàsì wá, torí kò gbọ́dọ̀ gbowó work-study fún àsìkò tó yẹ kó wà ní kíláàsì. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago. Wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ gé e, torí àlàfo àárín kíláàsì kì í sábà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má béèrè lẹ́tà gígùn o. Gbogbo wọn á kọ ohun kan náà. Ìbéèrè méjì tó: ṣíìfù wo ló ṣófo fún ọ? Nígbà wo lo lè bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Káńtà: Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ wo èyí:

"Olùrànlọ́wọ́ ní káńtà ilé ìkàwé, àyè 3. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí Federal Work-Study wà nínú ìwé owó ìrànwọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí. $15 ní wákàtí kan, wákàtí 4 lọ́sẹ̀, sáà méjèèjì. Ṣíìfù: Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, aago 8 sí 10 tàbí 10 sí 12 òwúrọ̀, wàá mú méjì. Wàá yá ènìyàn ní ìwé, wàá gba èyí tí wọ́n dá padà, wàá tò ó sórí pẹpẹ, wàá fi ọ̀nà han àlejò. A ó kọ́ ọ. O gbọ́dọ̀ máa dé lásìkò, kí o sì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Sọ ṣíìfù tó ṣófo fún ọ àti ọjọ́ tí o lè bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Ìbejì: Ó ti ń dùn ún kà báyìí. Orúkọ ọ̀gá tó máa wà lórí rẹ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹ máa dẹ́kun gbígba ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́.

Akọ̀wé Owó: Wákàtí 4 ní ọ̀nà 30 jẹ́ 120, mẹ́tàlá tó ṣẹ́kù, ẹ fi kọ́ wọn níṣẹ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní $2,000, ẹ wo ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pín ṣíìfù.

Ẹ fi ìlà kan kún un nípa ìwé I-9, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹni tí wọ́n gbà láṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti parí apá tirẹ̀, ilé-ìwé sì ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yẹ ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ wò. Ògidì ìwé ni, fọ́tòkọ́pì kò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fi páspọ́ọ̀tù àti káàdì Social Security sílẹ̀ lọ́dọ̀ òbí ní ìpínlẹ̀ mìíràn, iṣẹ́ á sì dúró de póòsì. Ẹ kọ ọ́ pé: "Mú ògidì ìwé ìdánimọ̀ rẹ wá láti ilé."

Bàbá Àdùkẹ́: Bí àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti kún, ẹ yọ ìpolówó náà kúrò níta lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sì dá àwọn tí ẹ ò mú lóhùn, torí nínú wọn lẹ máa ti mú ẹlòmíràn bí ẹnì kan bá kúrò ní sáà kejì.