Ta ló tún ń pa dà sídìí abẹ tín-ín-rín?

Akin_B: Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ kíká fá irùngbọ̀n, 5/8 (ìyẹn fífẹ̀ abẹ, ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ ínǹṣì kan) ni wọ́n ní kí n rà, òun ló rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ ọ, kò pẹ́ tí ojú mi fi wọ 8/8 àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, háà, ó wúwo dáadáa, ìwúwo yẹn fúnra ẹ̀ ló ń gé irun, ó sì máa ń gba ọṣẹ púpọ̀ kí n tó nù ún. Àmọ́ báyìí 4/8 lọwọ́ mi ń lọ ṣáá. Ṣé ó ń ṣe yín bẹ́ẹ̀?

Lékè: Bọ̀dá Akin, abẹ́ imú ni! 8/8 fẹ̀ tó ínǹṣì kan, tó bá débẹ̀ á bo gbogbo ẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tí ẹnu ẹ̀ wà, 4/8 á kàn wọ kọ̀rọ̀ yẹn wẹ́rẹ́. Èmi ò kúrò lórí 6/8 ní tèmi.

Ṣọlá_Apọ́nbẹ: Ẹ má wo fífẹ̀ nìkan o. Èyí tí wọ́n lọ inú ẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi ti Solingen ní Jámánì máa ń rọ̀, ẹ ó máa gbọ́ ohùn ẹ̀ lára irun, èyí tó nípọn kì í dún, irun líle ò sì lè tì í. Kẹ́ ẹ sì rántí pé òkúta ń jẹ abẹ, 6/8 tí wọ́n ti ń pọ́n látayébáyé lè ti di 5/8.

Akin_B: Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ohùn yẹn gan-an ni! 4/8 mi ń kọrin lórí àgbọ̀n. Ṣé 6/8 fẹ́lẹ́ máa ń dún bẹ́ẹ̀?

Ṣọlá_Apọ́nbẹ: Ó ń dún dáadáa, ẹ gbé e wò.