Gààrí mímu, omi kànga àti abọ́ ìfọwọ́: ìrírí ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Gààrí ni ìyá mi ń yan tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ibẹ̀ ni ìrírí tèmi ti wá.

Gààrí Ìjẹ̀bú kan, ó kúná, omi tútù la sì fi ń mu ún. Ọbẹ̀ ṣì ń kọjá lórí iná kó tó dé ẹnu. Gààrí tí a rẹ kò rí iná mọ́: omi tí a bù àti ọwọ́ tó bù ú, bí wọ́n ṣe wà náà ni wọ́n ń wọnú lọ.

Nígbà òjò kan, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jọ mu gààrí nínú abọ́ kan. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru fi mú èyí àbíkẹ́yìn. Ojú ẹ̀ jìn wọnú. Ìyá mi fa awọ ikùn ẹ̀, awọ náà ò tètè padà sípò, àmì pé omi ara ẹ̀ ti ń gbẹ. Nọ́ọ̀sì ní ká má ṣe dúró: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́fà tó kún dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà, ká máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ó tún fún un ní oògùn síǹkì (zinc). Ọmọ yẹn gbádùn, a dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì wá béèrè ibi tí a ti ń pọnmi. Kànga wa sún mọ́ ṣáláńgá jù, tí òjò bá sì ti rọ̀, ìdọ̀tí á máa jò gba abẹ́ ilẹ̀ lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, a kì í mu omi kànga yẹn láìsè é.

Èyí tó ń dùn mí jù ni abọ́ ìfọwọ́ ibi ìnáwó. Ẹ wo ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àlejò kún ilé, tí ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ wà nílẹ̀. Abọ́ omi kan ni wọ́n á máa gbé kiri, ẹni kẹfà á wá máa fi ìdọ̀tí ẹni márùn-ún fọwọ́! Nílé wa, ọmọdé kan á máa da omi látinú kẹ́tùlù, èkejì á gbé abọ́ sísàlẹ̀. Ọṣẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fọ àárín ìka àti abẹ́ èékánná, ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 20. Sanitizer tí gbogbo wa rà nígbà Ẹ̀bólà 2014 dára, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọwọ́ tó lẹ́rẹ̀ tàbí tó lépo.

Àwọn àgbà kan kọ́kọ́ ní àṣejù ni. Ní báyìí, àwọn gan-an ló ń pe ọmọ oníkẹ́tùlù.