Ìwé ìrọbí: ṣé 4 ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí 5?

Ẹ̀yin àgbà agbẹ̀bí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìlera alábọ́dé kan ní ìgbèríko Ọ̀yọ́. Pátógíráàfù tiwa, ìyẹn ìwé ìrọbí tí a fi ń tọpa bí ìrọbí ṣe ń lọ, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 4; ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2018 ní ó di 5. Tí ẹnu ilé ọmọ bá pẹ́ lórí 4, obìnrin á kọjá ìlà ìkìlọ̀ (ìlà inú ìwé náà tó ń fi hàn pé ìrọbí ń falẹ̀), a ó sì gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lójú ọ̀nà burúkú yẹn, bẹ́ẹ̀ ara òun àti ọmọ le. Ó ń dùn mí gan-an. Mò ń gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ déédéé (110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan), mò ń jẹ́ kí ìyá rìn, kó mumi, kó tọ̀. Ọ̀gá mi ní ká tẹ̀lé ìwé tó wà nílẹ̀.

Bí nǹkan kan ò bá ṣe ìyá àtọmọ, ṣé kí n dúró dé 5 kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun o.