Re: "Ìfìṣọ́rakọ-oògùn": kọ wo lẹ ní lọ́kàn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ ní "ìfìṣọ́rakọ-oògùn", ìyẹn fífi ìṣọ́ra kọ oògùn fún aláìsàn, ni ká fi ṣe àkọlé ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ń túmọ̀ fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì lórí mọ́fíìnì, kodéènì, tramadol àti àwọn oògùn ìrora líle míì tó jọ wọ́n. Èmi ò fara mọ́ ọn o.

"Kọ" yẹn ló ń bí mi nínú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ kì í dúró nísàlẹ̀ tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ṣe àbọ̀ fún un. Dókítà tó kọ oògùn (sórí ìwé), aláìsàn tó kọ oògùn (tó ní òun ò lò ó), ohùn kan náà. Arọ́pò-orúkọ ló ń tú àṣírí: ó kọ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Bí kò bá sí ìyẹn, "fún" ló kù tó ń yà wọ́n, òun lẹ sì gé dànù kí orúkọ má baà gùn!

Ẹ má pè é ní àwàdà onígírámà. Ní 2016, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gba àwọn dókítà nímọ̀ràn lórí irú oògùn yìí pé ìwọ̀n tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì yẹra fún fífi oògùn amárabalẹ̀ bíi diazepam kún un, torí àpapọ̀ wọn lè dá èémí dúró. Kíkọ fúnni ni wọ́n wí, kíkọ̀ lọ̀pọ̀ gbọ́. Àwọn dókítà kan já oògùn gbà lójijì lọ́wọ́ ẹni tí ó ti mọ́ lára. Ní 2022 ni àjọ náà ṣàtúnṣe, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin líle.

Ẹni tó ní ká lo "ìjúwe", pé àwọn àgbà kì í kọ oògùn, wọ́n ń júwe rẹ̀ ni, òótọ́ ló sọ nípa àwọn àgbà. Ìyá ìyá mi júwe àgbo títí ó fi kú, kò kọ ọ́ rí, torí kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n "ìjúwe" ò ru ẹrù mílígíráàmù mélòó, fún ọjọ́ mélòó. Oyè ọ̀mọ̀wé tí ẹ sì fi ń halẹ̀ kò yí ohùn padà.

"Ìfìṣọ́rakọ-oògùn-fúnni" ni tèmi. Ó gùn? Kó gùn.

Ti "bárakú" tí ẹ kọ sójú ewé kejì, ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Oníjẹjẹrẹ tó ń làágùn, tára ń ro, torí pé mọ́fíìnì rẹ̀ tán, oògùn ló mọ́ ọn lára. Ta ló sọ fún yín pé ó ti di bárakú?